Kí Ni Olówó Dì Mú? Ìtàn Owó Tí Wọ́n Fi Ń Kọ́ Ilé Àkọ́kọ́ fún Ayálégbé ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń gbèrò láti kọ́ ilé àkọ́kọ́ tí yóò fi máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó lónìí, ìbéèrè mẹ́ta ni ará, ọ̀rẹ́ àti òṣìṣẹ́ báǹkì yóò bi í: ilẹ̀ dà, owó dà, ta ni yóò sì dúró fún un? Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn àgbègbè náà ti ń wá ìdáhùn sí wọn, nígbà tí báǹkì kankan kò tíì dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ohun tó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ohun tí ẹni tó yáni lówó ń dì mú títí owó rẹ̀ yóò fi padà sí i lọ́wọ́. Nígbà kan, èèyàn ló ń dì mú. Nígbà tó yá, igi kòkó ni. Lẹ́yìn náà, ó di ìwé ilẹ̀. Lóde òní, owó oṣù ló tún kún un. Ìtàn ohun mẹ́rin yìí ni ìtàn bí ilé ayálégbé ṣe dé Oǹdó, òun náà ló sì lè kọ́ ẹni tó fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé gbèsè ní ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà tí èèyàn jẹ́ ìdógò

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń san owó ilé nínú agbo ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ bíbí inú ilé ní yàrá, ìyàwó ilé ní yàrá, àlejò tó bá sì wọ̀lú yóò wá onílé kan tí yóò gbà á sílé, tí yóò sì dúró fún un níwájú àwọn àgbà ìlú. Ilẹ̀ oko nìkan ni àlejò ń san nǹkan lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Kì í ṣe owó ilé rárá. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó ń dáko náà mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun.

Àmọ́ bí kò tilẹ̀ sí owó ilé, gbèsè wà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí ìran Yorùbá ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni èsúsú: àwọn èèyàn kan yóò kóra jọ, wọn yóò máa dá iye kan náà ní àsìkò kan náà, ẹnì kan yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí yóò fi kárí. Kò ní èlé nínú. Ìtìjú àti orúkọ rere ló gbé e ró.

Èkejì ni ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kò dín gbèsè kù. Iṣẹ́ náà ni èlé. Bí ó ṣiṣẹ́ ọdún kan, bí ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, ìyá owó wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àfi bí ẹbí bá kó owó náà kalẹ̀ lódindi ni ìwọ̀fà lè padà sílé.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí wọ́n rán lọ jókòó ti ajigbèsè. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san owó, olówó yóò gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú, wọn yóò sì rán ọkùnrin kan lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Yóò máa bú u, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò máa mú adìyẹ àti ẹran ọ̀sìn tí ojú rẹ̀ bá rí nínú agbo ilé, títí ara yóò fi ni gbogbo ẹbí, tí wọn yóò sì wá owó san. Nínú ìyẹn la ti lè mọ̀ pé gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nígbà náà. Ẹnì kan ló yá a, agbo ilé ló ń jẹ̀yà rẹ̀.

Nígbà tí igi kòkó gba ipò èèyàn

Láàárín ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ogún, kòkó dé igbó Oǹdó. Onímọ̀ Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975 lórí kòkó àti ìyípadà láwùjọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tọ ipasẹ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí. Kì í ṣe báǹkì ló yá wọn lówó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Agbára ẹbí, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, owó tí wọ́n rí nínú òwò tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ ará ni wọ́n fi la igbó. Wọ́n ń gbin iṣu àti kókò sáàárín igi kòkó kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ fún ọdún bíi mélòó kan tí igi náà kò tíì so.

Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ìlú kún. Àkúrẹ́ ni ìjọba àmúnisìn fi ṣe olú ìlú Ẹkùn Oǹdó. Akọ̀wé dé, tíṣà dé, ọlọ́pàá dé, àwọn tó ń ra kòkó fún ilé iṣẹ́ òyìnbó dé. Àwọn yìí kò ní agbo ilé nílùú, wọ́n sì ń gba owó lóṣooṣù. Àwọn ni ayálégbé àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ tó tà kòkó rẹ̀ dáadáa rí i pé yàrá tó ṣófo nínú ilé òun lè máa mú owó wọlé ní àsìkò tí kòkó kò sí lórí igi.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé náà yẹ fún àkíyèsí. Kì í ṣe owó kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ wọn. Owó kòkó ọdún yìí di ìpìlẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn di ògiri, ti ọdún kẹta di páànù. Bí owó bá kù, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàálé ilé yóò gba yàrá iwájú, ayálégbé yóò wà ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, oníṣòwò lè gba ìsàlẹ̀, kí onílé máa gbé òkè. Ilé ayálégbé àkọ́kọ́ ní Oǹdó kì í ṣe ilé kejì. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń sùn ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó kòkó ní ìgbà tirẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ, ìsìnkú, àìsàn àti páànù kì í dúró de ìgbà kòkó. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina tẹ ìwé ńlá wọn lórí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó Nàìjíríà jáde ní 1956, ọ̀rọ̀ gbèsè àti fífi oko kòkó dógò wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó nílò owó yóò fi oko rẹ̀ lé olówó lọ́wọ́, olówó yóò sì máa ká kòkó orí igi náà títí di ọjọ́ tí àgbẹ̀ yóò dá owó padà. Níbi tí àdéhùn bá ti jẹ́ pé kòkó tí wọ́n ká ni èlé, ìyá owó kì í dín. Ìlànà ìwọ̀fà gan-an ló padà wá yìí, igi ló kàn gba ipò ọmọ. Ẹni tó fi oko dógò nítorí kí ilé rẹ̀ lè tètè parí, ohun tó ń bọ́ ilé náà ló ti gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Iye owó kòkó pẹ̀lú kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láti 1947 ni àjọ ìjọba tó ń ta kòkó ti ń dá iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì gba iṣẹ́ náà ní 1954. Nígbà tí iye náà já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960, tí owó orí kò sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìbínú àgbẹ̀ kún débi tí ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1968 sí 1969. Ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kòkó ń ta lè wà láìní òrùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí kòkó bá kú.

Ní ìgbà yẹn kan náà ni àwọn àjọ owó tiwa-n-tiwa ti ń dìde. National Bank dé ní 1933, Agbonmagbe Bank, tó di Wema lẹ́yìn náà, dé ní 1945. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, báǹkì àwọn ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gba ọkàn èsúsú, ó fi ìwé àti ìṣirò kún un: ọmọ ẹgbẹ́ ń tọ́jú owó kó tó lè yá owó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn sì ń dúró fún un.

Ọdún mẹ́ta tó yí gbogbo rẹ̀ padà

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ sọ Nigerian Building Society, tó ti wà láti 1956, di Federal Mortgage Bank. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà.

Èkíní mú ayálégbé wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba láti gbogbo ẹkùn ìpínlẹ̀ náà, títí kan Èkìtì, kó wọ Àkúrẹ́, wọ́n sì nílò ibi tí wọn yóò sùn. Nígbà tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, FUTA, bẹ̀rẹ̀ ní 1981, akẹ́kọ̀ọ́ kún wọn. Èkejì ṣèlérí owó. Ẹ̀kẹta sọ pé kí owó náà tó jáde, ìwé ni olówó yóò dì mú. Láti ìgbà náà ni ìwé C of O ti di ohun tí olúkúlùkù ń wá.

Òfin náà fi ohun kan sí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fojú sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ dúró fún owó báǹkì gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé àdéhùn ìdógò ilẹ̀ tí kò ní ìfọwọ́sí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó fi ilẹ̀ dúró ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, báǹkì ló sì pàdánù. Àbájáde rẹ̀ kò rọrùn fún àwọn tó wá lẹ́yìn: olówó tó ti gbọ́ ẹjọ́ náà kì í fẹ́ yá ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé lówó. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Ìwé ìjọba nìkan kọ́ ló sì ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀. Ẹbí ṣì wà níbẹ̀. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé títa ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí tó kù, wọ́n lè tú u ká. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí tún gbòòrò sí i. P. C. Lloyd, nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1962, fi Oǹdó ṣe ọ̀kan lára ìlú mẹ́rin tó yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé ọmọ obìnrin àti ọmọ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń tọpa ẹ̀tọ́ ẹbí níbẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin nìkan lè pàdé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da páànù lé ilé.

Nígbà tí owó oṣù di ìdógò

Ní 1992, òfin National Housing Fund jáde. Òṣìṣẹ́ ń fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò náà, ó sì lè tipa báǹkì ilé yá owó láti inú rẹ̀ ní èlé ìdá 6, fún àkókò tó lè tó 30 ọdún. Ète rẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ ní ilé tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, PenCom tún jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè mú tó ìdá 25 nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti fi san ìpín tirẹ̀ lórí ẹ̀yáwó ilé gbígbé. Ohun tó wà lórí àtẹ báyìí ni owó oṣù tí kò tíì wọlé àti ọjọ́ ogbó tí kò tíì dé.

Ìṣirò díẹ̀ yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé. Ká ní ẹnì kan yá ₦10,000,000. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 6 fún 30 ọdún, ohun tí yóò máa san kò ní ju bíi ₦60,000 lóṣù lọ, ìyẹn ₦720,000 lọ́dún, ìyá owó àti èlé pọ̀. Bí ó bá jẹ́ owó báǹkì tó kù ni, nǹkan yàtọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìdíwọ̀n èlé tirẹ̀ lọ sí ìdá 27.5, èlé báǹkì oníṣòwò sì ga gan-an nígbà náà. Ká fi ìdá 30 ṣe é: èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ₦3,000,000. Bí ilé náà bá ní fúláàtì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦500,000 wá lọ́dún, ₦2,000,000 ni gbogbo rẹ̀. Mílíọ̀nù kan ti dín kí òjò tó ṣí páànù, kí ayálégbé kan tó kó jáde, kí omi kànga tó gbẹ. Onílé yìí yóò máa fi owó oṣù rẹ̀ kún èlé. Ìyá owó wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà. Àwọn baba wa mọ orúkọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.

Ìṣòro kejì ni ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ń san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báǹkì sì ń gba tirẹ̀ lóṣooṣù. Ìnira àgbẹ̀ oníkòkó nìyẹn lọ́nà mìíràn: ìkórè tó ní ìgbà, gbèsè ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ná owó ilé tán ní oṣù tó gbà á, oṣù mọ́kànlá ló kù fún un láti sá fún báǹkì.

Ẹ̀kẹta ni pé ayálégbé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gé Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù wọn lọ sí Adó-Èkìtì. Onílé tó gbé gbogbo ìṣirò rẹ̀ lé wọn lórí níláti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó: ní 2024, iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ó sì tún kọjá 12,000 ní ìparí ọdún náà, kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé bí ìdajì. Ẹni tó fi owó ọdún 2024 ṣe òṣùwọ̀n ilé tí yóò parí ní 2027 kò tíì bi àwọn ọmọ àgbẹ̀ ọdún 1965 léèrè.

Ohun tí ìtàn náà ń sọ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Bí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà tí àwọn tó ṣàṣeyọrí gbà kò fara sin. Wọ́n ti ń tọ́jú owó nínú èsúsú, àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n tó yá owó, nítorí pé ẹni tí kò lè dá owó àjọ láìyẹ̀ fún ọdún méjì kò lè san gbèsè fún mẹ́wàá. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó kó yanrìn: olórí ẹbí, àgbà ẹbí, ọmọ obìnrin, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, ìwé ìjọba. Wọ́n kọ́ ilé náà ní ìpele tí owó ọwọ́ wọn gbé, tí wọ́n bá sì yá owó, ó jẹ́ láti parí ohun tó ti dúró, kì í ṣe láti gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òní kì í fẹ́ gbọ́. Ilé àkọ́kọ́ tó ń mú owó wá ni ilé tí onílé ń gbé. Owó èlé ìdá 6 wà fún ẹni tó fẹ́ ní ilé tirẹ̀, kò sí fún ẹni tó ń wá òwò. Ẹni tó kọ́ ilé kékeré tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé owó ilé tó ń san fún ẹlòmíràn dáwọ́ dúró, ti rí èrè kan kí ayálégbé kankan tó dé. Yàrá tó bá fi kún un nígbà tó yá, láti inú owó ara rẹ̀, kò ní olówó kankan lẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ Oǹdó ṣe èyí láìka ìwé kankan.

Nígbà tí olùyáwó bá sì jókòó níwájú òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́, kó béèrè ohun mẹ́ta: kí ni wọn yóò dì mú, ṣé owó tí òun ń san ń dín ìyá owó kù àbí èlé nìkan ló ń jẹ, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí nǹkan bá yí? Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹta bá jẹ́ ìyàwó, ọmọ, oníduùró tó jẹ́ ọ̀rẹ́, tàbí bàbá arúgbó tó fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n pe gbogbo wọn jókòó kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ti fòpin sí ìwọ̀fà tipẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un padà wọlé nítorí pé ó fẹ́ di onílé.